Ṣé O Mọ̀? Èrò Ìwòran Èkó Wà Lára Àwọn Tó Kọ Ọ́pẹ́rà Wa

Ọ́pẹ́rà ni eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ẹni tó ń bínú ń kọrin, ẹni tó ń ṣàròyé ń kọrin, ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀ náà ń kọrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun àjèjì ni sí Èkó. Wọ́n tún gbà pé iṣẹ́ olùwòran níbẹ̀ kò ju kó jókòó jẹ́ẹ́, kó pa ẹnu mọ́, kó sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí eré bá parí. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn ará Erékùṣù Èkó ti ń gba eré olórin àwọn òyìnbó wọlé, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò tọwọ́ tẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Ìdáhùn wọn ló sọ ọ́ di tiwa. Díẹ̀ rèé nínú ìyanu inú ìtàn náà.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1866 ni Èkó ti ní ẹgbẹ́ tó wà fún orin, eré àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀? The Academy ni wọ́n pè é. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, J. A. Ọ̀túnba Payne sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, nítorí náà ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn Sàró tó padà wálé láti Sierra Leone àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló ń kún irú agbo bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, tó mọ dùùrù, tí wọn kò sì tíì gbàgbé ìlù ilé baba wọn, ni èrò ìwòran àkọ́kọ́ tí ọ́pẹ́rà bá pàdé ní Èkó.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 1882, Èkó ṣe àjọ̀dún orin Handel? Robert Coker ló darí rẹ̀. Coker wà lára àwọn ọmọ Èkó tó kọ́kọ́ lọ kọ́ orin ní Jámánì, orúkọ ìwúrí tí wọ́n sì fún un ni Mozart Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Handel tí wọ́n ń kọ orin rẹ̀ yìí, ọmọ Jámánì ni, ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ ọ́pẹ́rà tó lé ní ọgbọ̀n ní èdè Ítálì kí ó tó gbájú mọ́ orin inú Bíbélì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ Jámánì ń kọ èdè Ítálì fún ará Lọ́ńdọ̀nù: ta ni yóò wá sọ pé ọmọ Èkó kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i? Gbọ̀ngàn bíi Phoenix Hall ní Tinúbu wà fún irú àṣálẹ́ orin bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà sì ń kọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n á yin ẹni tó kọrin dáadáa, wọ́n á bá èrò ẹ̀yìn tó ń pariwo wí. Kò pẹ́ tí ìbéèrè mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín àwọn tó ń sanwó wọlé: orin ilẹ̀ tiwa ńkọ́?

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Àgùdà náà ní ẹgbẹ́ eré tiwọn? Brazilian Dramatic Company ni orúkọ rẹ̀, P. Z. Silva ló sì ń darí rẹ̀. Ní 1882, wọ́n ṣe eré ńlá kan láti fi bá Ọbabìnrin Victoria yọ ayọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́ta, aṣojú ìjọba Jámánì ní Èkó sì dúró tì wọ́n. Eré náà wọ àwọn èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí wọ́n tún un ṣe. Wo àwọn tó péjọ: ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Brazil dé, tó ń sọ èdè Potogí nílé, tó ń bá ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọjọ́ ìbí, tí ará Jámánì sì ṣe baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èkó ilé ọgbọ́n ni lóòótọ́.

Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ dun àwọn olùgbọ́ nínú orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá? Ohùn ni. Èdè wa ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí orin bá ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, ìtumọ̀ yóò dà rú, ẹni tó ń gbàdúrà lè máa sọ ohun tí kò ní lọ́kàn rárá. Àwọn àgbà tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ ọ, ó sì ń kọ wọ́n lóminú. Ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn olórin fi bẹ̀rẹ̀ sí í hun orin tuntun tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní orin ìbílẹ̀. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa rẹ̀, títí tó fi kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ní Èkó, Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ olórí olórin Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 dé 1962, fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí dùùrù òyìnbó àti ohùn Yorùbá yóò ṣe gbọ́ ara wọn yé. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953.

Ṣé o mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bí ọ́pẹ́rà Yorùbá? Nígbà tí àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú yọ kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó, láti 1888 sókè, wọ́n fẹ́ ìjọsìn tí ara wọn yóò yá sí. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ ti ìjọ Bethel African Church ní Èkó ṣe eré Ọba Ẹlẹ́jìgbò tí D. O. Oyèdélé kọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn bíi A. B. David, Àjíbọ́lá Láyẹni àti G. T. Onímọlẹ̀ gba ìtàn inú Bíbélì, wọ́n fi orin ìbílẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn tó sanwó wọlé. Láti fi kọ́ ilé ìjọsìn ni wọ́n ṣe ń gba owó náà. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: àwọn òṣèré wọ̀nyí máa ń dúró gbọn-in lórí ìtàgé, orin lásán ni wọ́n ń kọ. Ọmọ Yorùbá sì rèé, bí orin bá ti dùn, ara ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

Ṣé o mọ̀ pé ọlọ́pàá kan ló wá yanjú ìṣòro náà? Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ìjọ Church of the Lord ní Ebute Mẹ́tta ní kó ṣe eré láti kówó ilé ìjọsìn jọ. Ó kọ Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944, wọ́n ṣe é ní Glover Memorial Hall ní Erékùṣù Èkó, Nnamdi Azikiwe sì ni alága ọjọ́ náà. Ògúndé ti tẹ̀lé àwọn eégún alárìnjó nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì mọ ohun tí agbo ń fẹ́. Kò jẹ́ kí Ádámù àti Éfà dúró gbagidi. Wọ́n jó, wọ́n rìn, wọ́n ṣe bí èèyàn ẹlẹ́ran ara. Àwọn tó wá gba ti ṣọ́ọ̀ṣì gbádùn rẹ̀ débi pé wọ́n ń béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1945, Ògúndé bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ tíátà di iṣẹ́ òòjọ́. Ìdùnnú èrò ìwòran ló fún un ní ìgboyà.

Ṣé o mọ̀ pé ogiri Glover Hall ti gbọ́ ju orin lọ? Wọ́n fi gbọ̀ngàn náà ṣe ìrántí John Hawley Glover, gómìnà Èkó tó kú ní 1885. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han aráàlú ní orílẹ̀-èdè yìí, ní oṣù Kẹjọ 1903, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí bí ó ṣe ṣeé ṣe. Macaulay yìí kan náà ń ta fayolín, ó sì ń pe àwọn èèyàn jọ fún orin nílé rẹ̀, Kirsten Hall. Gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé òṣèlú, tí wọ́n sì ti ń ṣeré. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìlú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn òbí náà dá sí i? Nígbà tí Ògúndé ń wá obìnrin tí yóò gba owó oṣù láti ṣeré, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ilé tí yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn jáde lọ jó lórí ìtàgé. Ó kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Wọ́n wá. Nígbà tí àwọn òbí gbọ́ iṣẹ́ gan-an tí wọ́n fẹ́ gbà, ọ̀pọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Lójú wọn, alágbe ni òṣèré. Ògúndé wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹbí: ó fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó, àwọn ìyàwó náà sì di òpómúléró ẹgbẹ́ náà. Lónìí tí àwọn òbí ń sanwó kí ọmọ wọn lè kọ́ eré ṣíṣe ní yunifásítì, ó yẹ ká rántí àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ gba ẹ̀gàn náà mọ́ra.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba máa ń bẹ̀rù ohùn èrò ìwòran ju ohùn òṣèré lọ? Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945, Ògúndé gbé Strike and Hunger jáde. Ní Jos, ọlọ́pàá dá eré náà dúró, wọ́n gbé Ògúndé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì ní kó san pọ́n-ùn 125. Ní 1964, eré rẹ̀ Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, títí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1966. Ìbẹ̀rù àwọn aláṣẹ kò ṣàìní ìdí. Ní Brussels, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1830, àwọn èèyàn jáde nínú ọ́pẹ́rà La Muette de Portici, tó dá lórí ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ará Naples, wọ́n sì bọ́ sí ìgboro. Ìrúkèrúdò alẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì tó sọ Belgium di orílẹ̀-èdè olómìnira.

Ṣé o mọ̀ pé ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Dúró Ládipọ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ní Àjíǹde 1961, ó ṣe eré olórin kan ní All Saints' Church, Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ fárí gá pé ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ wọlé Ọlọ́run. Ládipọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde síta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Mbari Mbayo, ilé àṣà àti eré, ṣí ní Òṣogbo, ibẹ̀ sì ni ó ti rí àwọn tó ń fẹ́ gbọ́ ọ. Ní 1963, Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó, pẹ̀lú bàtá àti dùndún, ìjálá àti oríkì. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ wo èyí: bí àwọn ará ìjọ yẹn bá ti jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ nítorí ìwà ọmọlúàbí, bóyá orin ìjọ nìkan ni Ládipọ̀ ì bá máa kọ. Ìbínú wọn ló gbé e dé ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà.

Ṣé o mọ̀ pé Berlin wo Ọba Kò So ní 1964, tí wọ́n sì wò ó ní Ìlú Ọba ní 1965? Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èdè tí púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó kò gbọ́. Àwọn náà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ọ́pẹ́rà ní èdè tí wọn kò gbọ́, nítorí náà wọ́n mọ bí a ṣe ń fi etí àti ojú tẹ̀lé ìtàn. Ohun tí àwọn ará Èkó ṣe fún Handel ní 1882 ni àwọn ará Jámánì ṣe fún Ṣàngó ní 1964.

Ṣé o mọ̀ pé ìjókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn kì í ṣe àṣà àtijọ́, kódà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó? Nígbà ayé Handel, àbẹ́là máa ń tàn lórí èrò ìwòran. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kí ara wọn, bí orin kan bá sì dùn mọ́ wọn, wọ́n á ké pé kí olórin náà tún un kọ. Nígbà tí Richard Wagner ṣí ilé eré rẹ̀ ní Bayreuth ní 1876 ni ó pa iná gbọ̀ngàn, tó sì ní kí gbogbo ojú kọ ìtàgé. Ìyẹn ni pé ọmọ Èkó tó ń dá òṣèré lóhùn ń ṣe ohun tí ará Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe ní ọdún 1730. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tijú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Bayreuth yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ti wọ̀yá ìjà nítorí ọ́pẹ́rà? Ní 1976, nígbà tí ilé eré náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Patrice Chéreau, ọmọ Faransé, gbé ọ́pẹ́rà Wagner tó ń jẹ́ Ring jáde lọ́nà tuntun. Àwọn òrìṣà inú ìtàn náà wọ aṣọ àwọn olówó ilé iṣẹ́ ńlá, odò Rhine sì di ibi tí wọ́n ti ń fi omi ṣe iná mànàmáná. Àwọn tó fẹ́ ti àtijọ́ hó lé e lórí, wọ́n fọn súfèé, wọ́n pín ìwé ìlòdì, àwọn kan sì gbá ara wọn mú. Wọn kò pa eré náà tì. Nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní 1980, àtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé e lé ní wákàtí kan. Eré kan náà ni, ibùdó kan náà. Èrò ìwòran ló lo ọdún mẹ́rin láti fi rí ohun tó wà níwájú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n hó lé The Barber of Seville ti Rossini lórí ní alẹ́ àkọ́kọ́? Ìlú Róòmù ni, oṣù Kejì 1816. Àwọn tó fẹ́ràn ẹni tó ti fi ìtàn náà ṣe ọ́pẹ́rà ṣáájú rẹ̀ wá láti da eré rú, ológbò kan sì tún rìn wọ orí ìtàgé. Lálẹ́ kejì, ìyìn ló gba gbọ̀ngàn. Ní 2018, Babátúndé Akínbóboyè, akọrin ọ́pẹ́rà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi orin Figaro láti inú ọ́pẹ́rà yẹn lé ìlù ráàpù Kendrick Lamar. Fídíò náà tàn káàkiri ayé. Àwọn tí wọn kò dé ilé ọ́pẹ́rà rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ Rossini.

Ṣé o mọ̀ pé Carmen náà ti dá wàhálà sílẹ̀ nítòsí wa? Nígbà tí Bizet gbé e jáde ní Paris ní 1875, àwọn èèyàn kò tẹ́wọ́ gbà á dáadáa, Bizet sì kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, láìmọ̀ pé yóò di ọ̀kan nínú ọ́pẹ́rà tí ayé fẹ́ràn jù. Ní 2001, Joseph Gaï Ramaka sọ ìtàn náà di sinimá ní Dakar, ó pè é ní Karmen Geï, pẹ̀lú ìlù sabar. Àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Mouride bínú pé wọ́n kọ orin mímọ́ wọn níbi ìsìnkú obìnrin kan tí ìgbé ayé rẹ̀ inú ìtàn kò bá ẹ̀sìn wọn mu. Wọ́n jáde tìbínú-tìbínú, sinimá náà sì di ohun tí a kò lè fi hàn mọ́ ní Senegal. Bí o bá gbé ìtàn àlejò wọ aṣọ ìlú, ìlú yóò béèrè irú aṣọ tí o wọ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn alágbe Lọ́ńdọ̀nù dé Ifẹ̀? Ní 1728, John Gay gbé The Beggar's Opera jáde. Orin ìgboro tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló fi sí i, ó fi bú àwọn alágbára, Lọ́ńdọ̀nù sì wò ó fún alẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. Nígbà tó fẹ́ ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, ìjọba ní rárá. Ní 1928, ọgọ́rùn-ún ọdún méjì gééré lẹ́yìn náà, Bertolt Brecht àti Kurt Weill tún un ṣe ní Berlin. Ní oṣù Kejìlá 1977, Wọlé Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi kalẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó fi eré náà sí Bangui, láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sá lọ síbẹ̀, ní ìgbà tí Bokassa, aláṣẹ ibẹ̀, ń fi ara rẹ̀ jẹ ọba ńlá. Oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni Bokassa dé adé ní tòótọ́. Léèsì olówó gọbọi tí wọ́n ń wọ̀ lóde àríyá nígbà owó epo ló fún eré náà lórúkọ. Àwọn tó wá wò ó rí ara wọn nínú rẹ̀: Anikura, ọ̀gá àwọn alágbe, ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣàìsàn ẹ̀tàn, ìbọn sì wà lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó dáàbò bo ìlú. Àwọn alárìíwísí tó ń tẹ̀lé èrò Marx ní kò tíì tó, pé kò tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó ń rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ nínú ìlú. Ṣóyínká dá wọn lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé eré náà. Báyìí ni eré ṣe ń dàgbà: òṣèré sọ tirẹ̀, olùwòran sọ tirẹ̀, òǹkọ̀wé tún padà sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Ìsàlẹ̀ Èkó ní eré tó fi òfin de olùwòran ju ilé ọ́pẹ́rà kankan lọ? Adámú Òrìṣà ni, tí a ń pè ní Ẹ̀yọ̀. Orin wà nínú rẹ̀, aṣọ wà, ìtò wà, ìṣísẹ̀ wà. Ẹ̀yọ̀ Adímú ló ṣáájú pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú, Lábà dé pupa, Oníkò, Ológèdè àti Agẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kí àwọn Ẹ̀yọ̀ yòókù tó jáde lẹ́sẹẹsẹ lọ sí Ìgà Ìdúngànràn. Olùwòran kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, obìnrin kò gbọdọ̀ di sùkú. Ẹni tó bá rú òfin mọ ohun tí ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, wà fún. Ní Dublin ní 1742, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ Messiah Handel fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má wọ aṣọ ìdí tó fẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì fi idà sílẹ̀ nílé, kí àyè lè gba èrò. Ẹ̀bẹ̀ ni ti Dublin. Àṣẹ ni ti Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí ẹni tó wá wo Ẹ̀yọ̀ ti di ara ètùtù.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń ṣeré níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn? Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó ti inú rẹ̀ jáde. Ní 2010, ó di ọgbà ìgbafẹ́, orí ibi tí wọ́n ti ń yẹgi sì ni ìtàgé ńlá rẹ̀ wà. Ohùn tí ìjọba àmúnisìn fẹ́ pa mọ́ níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sanwó láti gbọ́ báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di akáǹtáǹtì tó gba ìwé àṣẹ (chartered accountant) wà lára àwọn tó dá MUSON, ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà, sílẹ̀? Akíntọ́lá Williams ni, tó kú ní 2023 ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Òun, Ayọ̀ Rosiji àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ olórin náà sílẹ̀ ní 1983, wọ́n sì kọ́ ilé rẹ̀ sí Oníkan, ibi tó jẹ́ Ọgbà Ìfẹ́ (Love Garden) tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ orin wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn orin wà níbẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló sì wà láàárín rẹ̀ àti Tafawa Balewa Square tí àwọn Ẹ̀yọ̀ máa ń kó lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà náà ti di àlọ àti àbọ̀? Omo Bello kọ́ ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì àti àbùdá ní Yunifásítì Èkó kó tó lọ kọ́ orin ní Paris, tó sì di akọrin ọ́pẹ́rà lórí ìtàgé Faransé. Francesca Chiejina, tí wọ́n bí ní Èkó, kọrin ní Royal Opera House ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2014, Philip Glass, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́pẹ́rà jù láyé òde òní, hun orin mẹ́ta sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Angélique Kidjo ọmọ Benin kọ, ẹgbẹ́ olórin ńlá Luxembourg sì bá a lù ú. Ohùn èdè wa tí orin òyìnbó ń dà rú láyé àwọn Sàró, àwọn olórin òyìnbó ló ń tẹ̀ lé e báyìí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbé ọ́pẹ́rà àtijọ́ jáde lọ́nà tuntun ní Oníkan tàbí ní Broad Street, lọ wò ó, kí o sì mú etí, ọwọ́ àti ẹnu rẹ dání. Bí ó bá dùn, jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí ìlù kò bá sí níbi tó yẹ kó wà, tí ohùn sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má fi alẹ́ kan péré dá wọn lẹ́jọ́, nítorí Rossini gbà á padà lálẹ́ kejì, Chéreau sì gbà á padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Mú ọmọ rẹ dání lọ pẹ̀lú, bí ó bá sì béèrè bóyá tiwa ni, sọ fún un pé àwọn bàbá ńlá rẹ̀ jókòó ní Tinúbu, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kí wọ́n fi tiwa sí i.